Fífẹsẹ̀ rìn nínú àwọn ìlú tuntun inú aṣálẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń kàwé ní Káírò, pàápàá ní yunifásítì Al-Azhar. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ní Dubai àti Abu Dhabi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dọọdún. Inú aṣálẹ̀ ni gbogbo ibi wọ̀nyí wà, èyí tó pọ̀ nínú àwọn àdúgbò tuntun wọn ló sì jẹ́ pé orí ìwé ni wọ́n ti yà á kí ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀. Ohun tí mo kó jọ síhìn-ín ni bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀nà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀. Íjíbítì ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Àwọn ìlú wo gan-an là ń sọ?

Ilẹ̀ Íjíbítì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kìlómítà níbùú lóròó, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èèyàn ibẹ̀ ló fún pọ̀ sí etí odò Náílì, lórí nǹkan bíi 5% ilẹ̀ náà. Ní àwọn ọdún 1970, Ààrẹ Anwar Sadat ní kí wọ́n máa kọ́ ìlú tuntun sínú aṣálẹ̀ kí Káírò lè rí ààyè mí. 10th of Ramadan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1977, Sadat City tẹ̀ lé e ní 1978, 6th of October dé ní 1979. Ọdún 1979 náà ni òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ìlú tuntun sílẹ̀ jáde. New Cairo bẹ̀rẹ̀ ní 2000, ní ìhà ìlà oòrùn Káírò. Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni olú-ìlú ìṣàkóso tuntun tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2015: láti àárín Káírò dé ibẹ̀ tó nǹkan bíi 45 kìlómítà, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 6 ni wọ́n sì ṣètò rẹ̀ fún.

Ṣé kì í ṣe oòrùn ló ń lé àwọn èèyàn kúrò lójú ọ̀nà ni?

Oòrùn wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olórí ẹjọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ooru Káírò kò tó ti Ìbàdàn. Òtútù a tiẹ̀ máa mú èèyàn lóru. Lákòókò yẹn, ẹsẹ̀ kì í dá nínú àwọn àdúgbò àtijọ́. Kódà nínú oṣù Kẹjọ tí ooru mú, tí wọ́n bá ti kírun Ìṣáì tán, tọmọdé tàgbà á jáde, ṣọ́ọ̀bù á ṣí, ọmọ wẹ́wẹ́ á máa ṣeré títí di ọ̀gànjọ́.

Ẹ wá lọ sí àdúgbò tuntun kan nínú oṣù Kìíní, tí afẹ́fẹ́ tutù. Títì gbòòrò, ilé dára, kò sì sí ẹni tó ń rìn àyàfi òṣìṣẹ́ tó ń wá ọkọ̀ lọ sílé. Tó bá jẹ́ oòrùn ló fà á, kí ló wá dé tí oṣù Kìíní náà fi rí bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé ọ̀nà ló ń lé èèyàn, oòrùn kàn ń bá a kún un ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé oòrùn làwọn ayàwòrán ìlú máa ń fi ṣe àwíjàre. Bí wọ́n bá ti lè sọ pé "ta ló máa fẹsẹ̀ rìn nínú ooru yìí?", ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fi ààyè tó bá ṣẹ́ kù ṣe nìyẹn.

Ta ló tiẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀? Ṣebí olówó ló ń gbé ibẹ̀?

Olówó ló nilé, ṣùgbọ́n ilé kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń se oúnjẹ, tó ń ṣọ́ géètì, tó ń mọlé, tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ èrò ló ń gbé wọn wá láràárọ̀. Etí títì ńlá ni ọkọ̀ náà máa ń já wọn sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n á fi rin ìyókù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2008 ni yunifásítì àwọn ará Amẹ́ríkà ní Káírò ti kó lọ sí New Cairo. Nínú ilé olówó fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún 12 kì í wa mọ́tò, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kì í wà á mọ́. Ìdílé tó pọ̀ jù ní Íjíbítì ni kò ní mọ́tò rárá. Ẹni tó bá ya ìlú fún onímọ́tò nìkan, ìwọ̀nba èèyàn ló ya ìlú fún.

Ṣé wọ́n ti kọ́ ìlú tuntun tó rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ rí nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì?

Wọ́n ti kọ́ ọ, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1905, oníṣòwò ńlá ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Édouard Empain, gba ilẹ̀ aṣálẹ̀ tó tó nǹkan bíi 25 kìlómítà níbùú lóròó ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Káírò. Ibẹ̀ ló kọ́ Heliopolis sí, èyí tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní Masr el-Gedida. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti tíráàmù, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ojú títì, ni Empain fi lówó, torí náà tíráàmù wà nínú èrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí èèyàn ò bá lè rìn láti ilé dé ibi tí tíráàmù ń dúró sí láìjìyà, òun ò ní rí ilẹ̀ náà tà.

Tí ẹ bá dé Káírò, ẹ lọ wo àdúgbò Korba níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ àwọn ilé náà fà sẹ́yìn, àwọn yàrá òkè sì yọ síta lórí òpó, débi pé abẹ́ ilé lèèyàn ń gbà lọ, ṣọ́ọ̀bù lápá kan, òpó lápá kejì, oòrùn ò sì ní kan án lórí. Kò gba iná mànàmáná, kò gba omi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń bomi rin níbẹ̀. Ilé tí wọ́n máa kọ́ tẹ́lẹ̀ náà ló di ìbòòji. Nínú gbogbo ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní Íjíbítì, mi ò rí èyí tó ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá bá Heliopolis lẹ́yìn náà dùn mí. Wọ́n yọ tíráàmù rẹ̀ kúrò ní àwọn ọdún 2010. Láàárín 2019 sí 2020, ìjọba mú títì fẹ̀ sí i níbẹ̀ àti ní Nasr City, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ oríṣiríṣi afárá ọkọ̀, wọ́n sì gé igi púpọ̀ lulẹ̀. Ọ̀nà yá fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí ìhà olú-ìlú tuntun. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti máa ń dá ọkọ̀ dúró tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kì í dúró mọ́. Àwọn ará àdúgbò figbe ta pé àwọn ò lè sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé àwọn, wọ́n sì ka àwọn tí mọ́tò pa. Ìlú tuntun ọdún 1905 tó dára fún ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà àbákọjá lọ sí ìlú tuntun ọdún 2015.

Kí ló fà á tí títì fi máa ń fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìjọba ló ni aṣálẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé "ilẹ̀ bàbá mi ni ẹ ń gbà kọjá." Òwe wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra, bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń ya ìlú ṣe ń wo yanrìn tó tẹ́ rẹrẹ níwájú wọn. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ sí i ní mítà 20, ta ló máa bá wọn jà?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta ilẹ̀ náà tún dá kún un. Àjọ ìlú tuntun kì í sábà gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì kéékèèké tí ọ̀nà tóóró á máa gba àárín wọn. Ilẹ̀ gbàràmù-gbaramu ni wọ́n ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹ́sítéètì. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á mọ odi yí tirẹ̀ ká, á ya títì tirẹ̀ sínú. Ohun tó kù fún ìjọba láti ṣe ni títì ńlá tó wà láàárín odi kan sí òmíràn, yíyára ọkọ̀ nìkan ni wọ́n sì fi ń wọn bóyá títì yẹn dára. Kí ọkọ̀ má baà dúró rárá, wọ́n ń yọ oríta oníná kúrò, wọ́n ń fi ibi tí ọkọ̀ ti lè yí orí padà rọ́pò rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró, kò sí àlàfo tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà kọjá.

Bẹ́ẹ̀ fífẹ̀ yẹn náà lówó tó ń ná ìjọba. Gbogbo mítà tó lé sí i ni wọ́n á máa gbá yanrìn kúrò lórí rẹ̀. Páìpù omi á gùn sí i, wáyà iná á gùn sí i, ọ̀dà dúdú tó ń gba oòrùn sára á pọ̀ sí i. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀dà tí oòrùn ń pa tààrà lè gbóná kọjá 60°C, ó sì máa ń tú ooru náà jáde di alẹ́.

Báwo ni sísọdá títì kan ṣe le tó? Ṣebí èèyàn á kàn wo ọ̀tún wo òsì?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ìlà ọkọ̀ mẹ́rin ló wà lápá kan títì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà 3.5. Mítà 14 nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣètò iná ojú pópó sábà máa ń gbà pé ẹni tí ara rẹ̀ le ń rin mítà 1.2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 kó tó kọjá. Láàárín àkókò yẹn, mọ́tò tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan á ti rin 200 mítà. Tó bá ń sá 80, á ti lé ní 250 mítà.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ẹni náà tó gbé ẹsẹ̀ sórí títì, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ ṣófo láti ibi tó dúró sí dé ibi tó jìn tó 200 mítà. Ìyá àgbà tó ń rin mítà 0.8 nílò ìṣẹ́jú àáyá 17 sí 18, èyí tó túmọ̀ sí kí ọ̀nà ṣófo tó nǹkan bíi 290 mítà. Ojú wo ló fẹ́ fi rí mọ́tò tó wà níbẹ̀ yẹn, pàápàá lálẹ́? Tó bá sì dé àárín títì, ó ku apá kejì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde ní 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 èèyàn ló ń kú lójú pópó lọ́dún kan, ó sì ju ẹnì kan lọ nínú márùn-ún wọn tó jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ìwà àìbìkítà nìkan kọ́ ló ń pa wọ́n. Ẹni tó bá fún awakọ̀ ní ìlà mẹ́rin tó fẹ̀, tó sì tẹ́jú lọ gbọọrọ, ti sọ fún un pé kó sáré; pátákó tí wọ́n kọ 60 sí lára ò lè pa ohùn yẹn mọ́lẹ̀.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ti yanjú ẹ̀?

Lórí òpópónà márosẹ̀ gidi, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, ìyà ni. Kí ọkọ̀ ńlá lè gba abẹ́ rẹ̀, afárá náà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 5 àbọ̀, ìyẹn àtẹ̀gùn tó lé ní 30 ní gígòkè àti tó lé ní 30 ní sísọ̀. Tó bá jẹ́ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ìwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé kí ọ̀nà gòkè mítà 1 fún gbogbo mítà 12 tó bá gùn. Mítà 66 nìyẹn lápá kan, mítà 66 lápá kejì, a ò tíì ka ibi ìsinmi àárín rẹ̀, nínú oòrùn, láti kọjá títì tí kò fẹ̀ tó 40 mítà. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń sáré gba ìsàlẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi àwọn tó fẹ́ràn afárá ni pé: kí ló dé tó jẹ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn la ní kó gòkè, tí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ò lè dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú?

Kí ni odi ẹ́sítéètì ṣe fún ẹlẹ́sẹ̀?

Ó sọ ibi tó wà nítòsí di ọ̀nà jíjìn. Ká ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì wà lẹ́yìn odi yín, tí ẹ bá sọ òkúta ẹ lè bá a. Àmọ́ géètì kan ṣoṣo ló wà, apá kejì ẹ́sítéètì ló sì wà. Ẹ ó rin yíká dé géètì, ẹ ó tún rin etí odi padà wá. Ọ̀nà tí kò tó 200 mítà lè di kìlómítà kan àbọ̀ báyìí, etí odi gígùn náà kò sì ní fèrèsé, kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ojú tó ń wo yín. Obìnrin tó ń dá rìn lálẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ.

Nínú àwọn ìlú wa àtijọ́, agboolé ní ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá máa ń wà láàárín agboolé kan sí èkejì, ẹni tó ń lọ sí odò tàbí ọjà á kí àwọn onílé, á sì gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Lárúbáwá náà ní irú rẹ̀. Àwọn tó ń ya ìlú tuntun ló gbàgbé rẹ̀. Géètì kékeré fún ẹlẹ́sẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan odi, tí ẹni kan ń ṣọ́ bí wọ́n bá ń bẹ̀rù olè, máa ń dín ìrìn kù ju ohun tí títì tuntun èyíkéyìí lè ṣe lọ.

Kí ló ń fa ìbòòji, báwo sì ni wọ́n ṣe lè gbé e sínú àwòrán ìlú?

Ooru afẹ́fẹ́ kì í yàtọ̀ púpọ̀ láàárín inú oòrùn àti abẹ́ ìbòòji. Ìtànṣán tó ń bọ́ sára èèyàn tààrà, àti èyí tí títì àti ògiri gbígbóná ń tú sí i lára, ni ìbòòji ń gé kúrò. Ìdí nìyẹn tí 38°C lábẹ́ igi fi ṣeé fara dà, tí 38°C kan náà lórí títì gbalasa sì ń mú ojú ṣókùnkùn.

Ibi tí ọ̀nà dojú kọ ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Káírò wà ní ìwọ̀n 30 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ọ̀sán gangan inú oṣù Kẹfà, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí tààrà, nǹkan bí ìwọ̀n 83 sókè. Nínú oṣù Kejìlá, kì í ju ìwọ̀n 37 lọ. Títì tó bá lọ láti àríwá sí gúúsù á rí ìbòòji ilé láàárọ̀ lápá kan, àti nírọ̀lẹ́ lápá kejì, bí títì náà kò bá fẹ̀ ju gíga ilé lọ. Títì tó lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀: láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn á máa gba òró rẹ̀ wọlé tààrà, ibẹ̀ ni òpó bíi ti Korba àti igi ti pọn dandan. Kò sówó tí èèyàn ń san láti yí ìlà padà lórí ìwé kí wọ́n tó tú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, kò sí iye tó lè yí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni igi. Ọ̀pẹ ni wọ́n fẹ́ràn láti gbìn sáàárín títì ní àwọn ìlú wọ̀nyí, nítorí pé ó dára nínú fọ́tò. Ìbòòji ọ̀pẹ kò tó nǹkan, àárín títì tó sì wà, mọ́tò ló ń ṣíji bò. Igi tó ní ewé gbàǹgbà létí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Káírò mọ irú igi bẹ́ẹ̀ dáadáa, irú bíi fíkọ́ọ̀sì àti pọnsiánà tó kún àwọn àdúgbò àtijọ́ rẹ̀. Omi wọ́n ní aṣálẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n ń fi bomi rin ọ̀pọ̀ koríko níbẹ̀. Omi tí wọ́n ń dà sórí koríko tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀, ẹ fún igi.

Àwọn aláàbọ̀ ara ńkọ́?

Íjíbítì ní òfin: òfin 10 ti ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ ṣì kù sí. Òkúta etí títì ga, ibi tí wọ́n ti dẹ̀ ẹ́ fún kẹ̀kẹ́ kò tó, mọ́tò sì máa ń wá dúró sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Òpó iná tàbí igi tó wà láàárín gbùngbùn ọ̀nà tún máa ń lé oníkẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ọkọ̀.

Fún afọ́jú, ohun tó wà ni àwọn táìsì olójú kókó tí ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lè mọ̀, èyí tí Seiichi Miyake ṣe ní Japan ní 1965, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ sójú ọ̀nà ní ìlú Okayama ní 1967. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ní aṣálẹ̀, yanrìn máa ń kún àárín àwọn kókó náà títí ẹsẹ̀ ò fi ní mọ̀ ọ́n mọ́, yanrìn yẹn kan náà ló sì ń mú táyà kẹ̀kẹ́ rì níbi tí wọ́n ti dẹ títì. Ẹni tó bá ya irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láì kọ ẹni tó máa gbá a sínú ètò owó, kò tíì yà á tán.

Ṣé àwọn ìlú aṣálẹ̀ kan ti ṣe dáadáa lóde òní?

Abu Dhabi ti gbìyànjú tọkàntọkàn. Ní 2010, àjọ tó ń ṣètò ìlú náà gbé ìwé ìlànà títì jáde, tó fi ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ rò, ṣáájú ọkọ̀ èrò, ṣáájú kẹ̀kẹ́, ṣáájú mọ́tò. Ìwé náà ní kí ìlà ọkọ̀ tín-ín-rín sí i, kí igun oríta má ṣe fẹ̀ jù kí ọkọ̀ lè rọra yà, kí ìbòòji sì wà. Ó tún dá sikka padà sínú àwòrán, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tóóró tó ń gba àárín ilé kọjá. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé wọn ò dúró lórí ọ̀rọ̀ dídùn. Wọ́n kọ mítà sí i, tó fi jẹ́ pé onímọ̀ ẹ̀rọ ò lè sọ pé òun ò mọ̀.

Masdar City, ìlú tuntun kékeré kan, wà ní Abu Dhabi kan náà. 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Foster + Partners ló yà á. Títì tóóró, ilé tó sún mọ́ra, ilé gogoro tó ga tó 45 mítà tó ń fa afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀: èèyàn mọ ìyàtọ̀ lára bó bá wọ ibẹ̀. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí mọ́tò má wọ ibẹ̀ rárá. Èèyàn á máa rìn lókè, ọkọ̀ kéékèèké tí kò ní awakọ̀ á máa gba abẹ́. Ó wọ́n jù, wọ́n sì pa gbígbé gbogbo ìlú sórí pèpéle tì lẹ́yìn apá àkọ́kọ́. Ìbòòji àti títì tóóró, tí wọn ò náwó púpọ̀, ló dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jáde ní Masdar, òpópónà márosẹ̀ lẹ máa bá.

The Line ní Sàúdí Arébíà ńkọ́, tí wọ́n ní kò ní ní mọ́tò?

Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2021: ìlú tó gùn ní 170 kìlómítà, tí gbogbo ohun téèyàn nílò á wà láàárín ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti 2024 làwọn ìròyìn ti ń sọ pé wọ́n ti dín ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ lákọ̀ọ́kọ́ kù gan-an. Títì tóóró, géètì kékeré àti igi létí ọ̀nà kò nílò irú àlá bẹ́ẹ̀, torí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ ojú irin bá dé, ṣé ọ̀rọ̀ ò ti parí?

Ìdajì rẹ̀ ló parí. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin kan bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó Adly Mansour ní Káírò, ó ń lọ sí ìhà olú-ìlú tuntun àti 10th of Ramadan. Ní Riyadh, tí ètò tí Doxiadis, ayàwòrán ìlú ará Gíríìsì, ṣe fún un ti pín sí onígun kìlómítà méjì-méjì, métrò oníbùdó 85 ṣí ní ìparí ọdún 2024. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n gbogbo èrò ọkọ̀ ojú irin, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ̀. Bí ibùdó bá wà létí òpópónà márosẹ̀, tí ẹ́sítéètì tó sún mọ́ ọn sì kọ ẹ̀yìn odi sí i, àfi kí èèyàn tún wọ takisí. Empain mọ èyí ní 1905.

Àwọn alálàájì wa máa ń sọ̀rọ̀ ìrìn Mínà àti Arafat. Ṣé ó bá èyí mu?

Ó bá a mu gan-an. Ibẹ̀ ni aṣálẹ̀ tí ìrìn ẹsẹ̀ ti jẹ́ ìjọsìn, ìjọba Sàúdí sì ti ya ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan láàárín Arafat, Musdalifa àti Mínà. Lẹ́yìn tí èèyàn tó lé ní 340 kú níbi títẹ ara ẹni mọ́lẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n wó afárá Jamarat, níbi tí àwọn alálàájì ti ń sọ òkúta, wọ́n kọ́ tuntun tó gùn ní 950 mítà, tó fẹ̀ ní 80 mítà, alájà púpọ̀, ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde.

Nínú Hájì ọdún 2024, ooru dé 51.8°C ní Mẹ́kà. Ìjọba Sàúdí sọ pé èèyàn 1,301 ló kú, 83% wọn sì jẹ́ àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn lábẹ́ oòrùn tààrà láìsí ibi ìsádi. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ ní àgọ́ àti ọkọ̀ tí wọ́n lè sá sí. Mò ń bẹ àwọn tó ń mú èèyàn wa lọ láìgba ìwé pé kí wọ́n ro èyí dáadáa. Láàárín àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ oòrùn kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ibi ìsádi ló pààlà.

Ìlú tí wọ́n ti kọ́ tán, ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Odi àti púlọ́ọ̀tì tí wọ́n ti tà ṣòro láti yí. Àwọn ohun mìíràn ṣeé ṣe. Wọ́n lè gba ìlà ọkọ̀ kan lápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi gbin igi, kí wọ́n fi fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Wọ́n lè gbé ibi ìsọdá ga díẹ̀ bíi gegele kí ọkọ̀ má lè sáré kọjá rẹ̀. Wọ́n lè ṣe ibi ìdúró gidi sáàárín títì, kí ìyá àgbà lè sọdá lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n lè dá iná padà sí oríta. Géètì kékeré lára odi kò gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ fún bíríkìlà, ìpinnu ìgbìmọ̀ onílé ló máa ń pẹ́.

Mò ń bọ̀ ní Káírò láti kàwé, mo sì fẹ́ gba ilé. Kí ni kí n wò?

Ẹ má fi máàpù orí fóònù nìkan pinnu, torí pé máàpù kì í sábà mọ̀ pé géètì wà ní títì pa. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé náà dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, dé mọ́sáláṣí, àti dé ibi tí ọkọ̀ èrò ń dúró sí. Ẹ rìn ín ní aago méjì ọ̀sán, ẹ tún rìn ín ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ka iye ìlà ọkọ̀ tí ẹ máa sọdá láìsí iná. Tó bá ti ju mẹ́ta lọ lápá kan, ojoojúmọ́ lẹ máa bá a jà. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kàn já lójijì síbi tí wọ́n ń mọlé lọ́wọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ bawwab, ìyẹn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, pé ibo ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọkọ̀. Ó mọ̀ ju ẹni tó ń báni wá ilé lọ, torí pé òun náà ń rìn ín. Nasr City, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé, ti dàgbà ju New Cairo lọ, ṣọ́ọ̀bù sì pọ̀ sí i lábẹ́ ilé, ṣùgbọ́n àwọn títì tí wọ́n fẹ̀ sí i ní 2020 gba ìṣọ́ra. Bí ilé méjì bá jọra, tí ọ̀kan sì fi díẹ̀ wọ́n ju èkejì nítorí pé ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ibi gbogbo láti ibẹ̀, ẹ gba èyí tó wọ́n díẹ̀ náà. Owó takisí á ti jẹ iye tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ nínú èkejì kí oṣù tó parí.